Wáyà wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, bátìrì kú: àkọsílẹ̀ mọ́tọ̀hómù kan ní Luton

Bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́, tó ń gbé ní Luton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ni ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mọ́tọ̀hómù ni, orí Fiat Ducato ni wọ́n kọ́ ọ sí: ibùsùn, ìdáná, ilé ìwẹ̀, fíríìjì, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Nígbà ooru, òun àti ìyàwó rẹ̀ máa ń gbé e lọ sí Wales àti Scotland. Tó bá ti di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n ń gbé e sí títí òtútù yóò fi lọ. Wọ́n á fa wáyà kan láti inú ilé ọkọ̀ (gáráàjì) wá sí ara rẹ̀, kí iná ilé lè máa wọ inú rẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Ní àárín oṣù kẹta ọdún tó kọjá, Bàbá wọ inú ọkọ̀ láti múra ìrìn àjò Ọdún Àjíǹde. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ò dún rárá. Ó pè mí.

"Ẹńjiníà, wáyà yìí ò kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì láti oṣù kọkànlá. Kí ló wá pa bátìrì?"

Iṣẹ́ rìwáyà ni mo kọ́ ní Ìbàdàn, òun náà ni mo ń ṣe níhìn-ín. Ìbéèrè Bàbá yìí ni mo ń gbọ́ jù lọ́wọ́ àwọn tó ní irú ọkọ̀ yìí, tí òtútù bá ti ń lọ sópin. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ gbogbo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ sílẹ̀, pẹ̀lú iye tí mítà sọ.

Bátìrì méjì ló wà nínú mọ́tọ̀hómù. Ọ̀kan ń ta ẹ́ńjìnnì jí, èkejì ń bọ́ gílóòbù, pọ́ǹpù omi àti àwọn nǹkan inú yàrá. Nígbà tí iná ilé, ìyẹn 230 fólítì, bá wọlé, ó kọ́kọ́ gba inú RCD (ẹ̀rọ tó ń gé iná tí iná bá ń jò) àti bírékà tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ní, ó wá pín sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, fíríìjì àti ṣájà. Ṣájà yìí ló ń sọ ọ́ di iná bátìrì. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù, bátìrì yàrá nìkan ni ṣájà yìí mọ̀. Àwọn kan máa ń ta díẹ̀ sí bátìrì ẹ́ńjìnnì, àwọn kan ní bọ́tìnnì tí a fi ń yan èyí tí iná máa lọ bá. Èèyàn ò lè fi ojú lásán mọ èyí tí tirẹ̀ jẹ́. Mítà ló máa ń sọ ọ́.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, n kò fọwọ́ kan wáyà kankan títí tí mo fi wọn bátìrì méjèèjì bí mo ṣe bá wọn. Ti ẹ́ńjìnnì, tó wà lábẹ́ ilẹ̀ níwájú lọ́wọ́ òsì, ní ibi tí ẹni tó jókòó ti awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí, fún mi ní 9.6 fólítì. Ti yàrá fún mi ní 12.1. Bátìrì olójé tó kún dáadáa tó sì ti sinmi máa ń wà ní nǹkan bíi 12.7. Tó bá dé 12.2, ó ti dé ìdajì. Tó bá lọ sílẹ̀ ju 11.8 lọ, ó ti tán. Ẹni tó bá ti lo ínfátà nílé ní Nàìjíríà mọ ọ̀rọ̀ yìí lára, nítorí ó ti rí bí bátìrì tí wọ́n ń fà kọjá ìdajì lójoojúmọ́ ṣe máa ń kú láìpé ọjọ́. Nítorí náà, ti yàrá ṣì lè yè, àmọ́ ti ẹ́ńjìnnì ti wọ ibi tó burú.

Mo wo ojú ṣájà, iná rẹ̀ ò tàn. Mo ki fóònù mi bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀, kò gba iná. RCD inú ọkọ̀ wà lókè bó ṣe yẹ. Mo bá wọ inú ilé ọkọ̀ lọ, mo ṣí àpótí iná tó wà lára ògiri, mo rí RCD ibẹ̀ tó ti já wálẹ̀. Wáyà wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, iná ló ti kúrò nínú wáyà.

"Ẹ ò mọ̀ pé ó já, Bàbá?"

"Báwo ni n ó ṣe mọ̀? Iná ilé ò lọ. Fíríísà ń ṣiṣẹ́."

Òótọ́ ni. Fíríísà wà lórí bírékà mìíràn nínú ilé ìdáná. Nínú ilé ọkọ̀, gílóòbù kan àti sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì péré ló wà lórí RCD yẹn, kò sì sí ẹni tó máa ń wọ ibẹ̀ lóru tàbí nínú òjò.

Ìgbà wo ló já?

Bí mi ò bá mọ ìgbà tó já, mi ò lè mọ bóyá jíjá yẹn ló pa bátìrì ẹ́ńjìnnì tàbí nǹkan mìíràn. Mítà iná ilé Bàbá jẹ́ ti ìgbàlódé, tó ń ka iye iná tí wọ́n lò ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó sì ń fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń ta iná. Ọmọbìnrin rẹ̀ ṣí áàpù rẹ̀ lórí fóònù, a sì jọ wo ìlò iná láàárín òru, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Láti oṣù kọkànlá ni ó ti ga ju bó ṣe yẹ kí ó rí lọ, nítorí hítà kékeré kan, 500 wáàtì, tí Bàbá gbé sínú ọkọ̀ kí ó má baà dì. Ní òru kan ní ìparí oṣù kìn-ín-ní, ó já wálẹ̀ lójijì, kò sì gòkè mọ́. Ìyá rántí alẹ́ náà: ìjì jà, òjò rọ̀ mọ́jú.

Ó ku ìṣirò. Mo fi mítà sí àárín bátìrì ẹ́ńjìnnì àti wáyà rẹ̀, mo sì dúró títí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fi sùn tán, nítorí ẹni tó bá yára kà á yóò rí iye tó pọ̀ ju òótọ́ lọ. Mílíáńpù 45 ló kù tí ń jò lọ: àlámù, ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ní kí Bàbá fi sí i kí wọ́n lè tọpa ọkọ̀ tí wọ́n bá jí i, àti rédíò tí kì í sùn tán. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n mílíáńpù 45 fún wákàtí 24 jẹ́ nǹkan bíi áńpù-wákàtí 1.1 lójúmọ́. Áńpù-wákàtí 95 ni gbogbo ohun tí bátìrì náà lè gbà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá dé Kérésìmesì, ó ti pàdánù nǹkan bíi 58. Títí di ìparí oṣù kìn-ín-ní, gbogbo rẹ̀ ti lọ.

Bàbá rántí pé òun ta ẹ́ńjìnnì náà jí ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, pé ó kérora gan-an kí ó tó dún, òun sì pa á lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Iná wà nínú wáyà nígbà yẹn, RCD ò tíì já. Bátìrì ẹ́ńjìnnì ti ń kú lọ pẹ̀lú iná ilé lórí. (Títa ọkọ̀ jí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìgbé e jáde kì í dá ohun tí sítátà jẹ padà, pàápàá nínú òtútù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé ṣe é.)

Kí n lè rí i pẹ̀lú ojú, mo fa wáyà mìíràn tó dára láti inú ilé, mo so ọ́ mọ́ ọkọ̀. Ṣájà tàn. Láìpẹ́, bátìrì yàrá gun 13 kọjá, ó ń lọ sí 14.4. Ti ẹ́ńjìnnì dúró lójú kan. Ṣájà ọkọ̀ yìí kò mọ̀ ọ́n rárá, kò sì sí bọ́tìnnì kankan láti yàn án.

Nítorí náà, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣẹlẹ̀. Bátìrì ẹ́ńjìnnì ì bá kú bí RCD ò tiẹ̀ já. Bátìrì yàrá ni jíjá RCD ṣàkóbá fún: páńẹ́ẹ̀lì ìdarí àti ẹ̀rọ tí ń gbọ́ òórùn gáàsì ń fa mílíáńpù 60 nínú rẹ̀, láti ìparí oṣù kìn-ín-ní dé àárín oṣù kẹta, ìyẹn sì bá 12.1 tí mo bá níbẹ̀ mu.

Ibi tí iná ti ń jò

Iṣẹ́ RCD ni kí ó máa fi iná tó ń gba láìfù lọ wé èyí tó ń gba nútírà padà. Tí ìyàtọ̀ bá ti dé mílíáńpù 30, iná kan ń sá gba ibòmíràn lọ, bóyá inú ilẹ̀, bóyá ara èèyàn, ó sì máa gé e kíá. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé RCD ń yọ àwọn lẹ́nu, wọ́n sì fẹ́ kí n bá wọn yọ ọ́. N kì í ṣe é, n kò sì ní ṣe é láé.

Mo tún ti RCD ilé ọkọ̀ sókè nígbà tí wáyà Bàbá ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì: ó já. Mo yọ wáyà kúrò lára mọ́tọ̀hómù, mo tún tì í: ó ṣì já. Èyí ló mú hítà omi, iná fíríìjì àti ṣájà kúrò nínú ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni mo kọ́kọ́ fura sí. Inú wáyà fúnra rẹ̀ ni àléébù wà.

Wáyà náà jẹ́ olówó gidi, aláwọ̀ ọsàn, 2.5 mm² nínípọn, mítà 25 ní gígùn, pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì búlúù oní-áńpù 16 tí wọ́n ń lò ní ọgbà kárááfánì. Ṣùgbọ́n sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé kì í gba púlọ́ọ̀gì búlúù. Bàbá ra àsopọ̀ kékeré kan tó ń sọ ọ́ di púlọ́ọ̀gì ilé oní-áńpù 13, ìta sì ni àwọn méjèèjì ti pàdé, lórí ilẹ̀, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ̀. Kí òjò má baà pa á, ó fi ọ̀rá wé e, ó sì fi téèpù dì í.

Ọ̀rá yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Ó ń dènà òjò láti òkè, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù ń sọ omi sí inú rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí ibi tí omi náà lè gbà jáde. Nígbà tí mo tú u, omi dà sí mi lọ́wọ́, irin púlọ́ọ̀gì ti hu ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé. Mo fi ẹ̀rọ tí ń ta 500 fólítì dán ara wáyà wò. Ó yẹ kí ó fún mi ní mẹ́gáómù kan, ìyẹn mílíọ̀nù kan ómù, ó kéré tán. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ómù péré ló fún mi. Ẹ fi 6,000 pín 230: mílíáńpù 38 ni. RCD kò ṣe àṣìṣe kankan.

Ohun kan tún wà tí mo rí lójú kan náà. Bàbá tú wáyà tó ìwọ̀n tó máa dé ara ọkọ̀, ó sì fi èyí tó kù sílẹ̀ ní kíká lórí róòlù. Wáyà tó ká báyìí máa ń gbóná, nítorí ooru rẹ̀ ò ríbi gbà. Hítà 500 wáàtì àti ṣájà kò tíì pọ̀ jù fún un, àmọ́ ká ní ẹnì kan gbé hítà ńlá wọ inú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, róòlù yẹn lè yọ́ kó sì gbiná lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ̀ tó kún fún páálí. Ẹ tú gbogbo wáyà sílẹ̀ gbalaja, bí ẹ ò tiẹ̀ nílò gígùn rẹ̀.

Omi tí a kò dà nù

N kò mọ̀ nípa èyí títí Ìyá fi ṣí táàpù ilé ìwẹ̀ láti fọwọ́. Omi tú jáde lábẹ́ ibi tí ó ti ń po gbígbóná àti tútù pọ̀. Táàpù náà ti sán.

Bàbá kò da omi inú ọkọ̀ nù ní oṣù kọkànlá nítorí ó ní hítà tó ń ṣiṣẹ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí RCD já, hítà kú, òtútù oṣù kejì sì bá omi nínú páìpù. Ohun tó gba hítà omi là ni fáàfù kan tó wà lára rẹ̀. Truma ló ṣe hítà náà, wọ́n sì ṣe fáàfù yìí kí ó máa ṣí fúnra rẹ̀ tí ooru ibẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi dígírì 3, kí ó sì da omi hítà sílẹ̀. Kò nílò iná kankan láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè da omi inú táàpù tí wọ́n ti pa, bẹ́ẹ̀ ni kò lè da ti inú pọ́ǹpù.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju ti bátìrì lọ, nítorí kò sí owó kankan tó yẹ kí ó jẹ. Ẹ ṣí gbogbo táàpù, kí ọwọ́ rẹ̀ wà ní àárín, kí gbígbóná àti tútù lè ṣí pọ̀. Ẹ gbé ẹnu ṣáwà sílẹ̀, ẹ ṣí ibi ìdomi, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ó pọ ìyókù jáde, kí ẹ sì fi táàpù sílẹ̀ ní ṣíṣí títí òtútù yóò fi lọ. Ọkọ̀ tí kò ní omi nínú kò ní ohun tó lè dì. Kò yẹ kí ààbò páìpù so mọ́ wáyà kan tó ń gba inú òjò kọjá.

Ẹ tún wo owó hítà náà. Tó bá ń tàn fún ìdá kan nínú mẹ́ta wákàtí ọjọ́ kan, kílówáàtì-wákàtí mẹ́rin ni lójúmọ́. Tí a bá ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí pẹ́ńsì 25, pọ́n-ùn kan ni, ìyẹn tó 150 láàárín oṣù márùn-ún. Ṣájà nìkan, tó bá ti kún bátìrì tán tó kàn ń tọ́jú rẹ̀, lè máa jẹ wáàtì 15: pẹ́ńsì 9 lójúmọ́. Owó iná tí Bàbá ń san kì í ṣe ti bátìrì.

Ohun tí a ṣe

Mo fi ṣájà kékeré kún bátìrì ẹ́ńjìnnì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mọ́jú. Ó gòkè dé 12.5, ó sì fẹ́ tàn wá jẹ. Nígbà tí mo gbé ẹrù sítátà lé e, ó ṣubú sí 8 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bátìrì olójé tí wọ́n bá fi sílẹ̀ ní òfìfo fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ máa ń ní nǹkan líle kan tó ń lẹ̀ mọ́ òjé inú rẹ̀, ibi tó bá sì ti lẹ̀ mọ́ kò ní gba iná mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èyí tó ṣófo lè dì ní nǹkan bíi dígírì 7 sí 10 lábẹ́ òdo, nígbà tí èyí tó kún kò ní dì nínú òtútù Luton láéláé. A ra tuntun. Ti yàrá padà bọ̀ sípò.

Lẹ́yìn náà, mo fi ẹ̀rọ kékeré kan sí àárín bátìrì méjèèjì. Tí ti yàrá bá ti kún, ó máa ń jẹ́ kí díẹ̀ kọjá sí ti ẹ́ńjìnnì. Tí ti yàrá bá ti lọ sílẹ̀, ó máa ń ti ọ̀nà. Bàbá bèèrè bóyá sólà ò ní sàn jù. Fún ọkọ̀ tó wà ní ọgbà ìgbọ́kọ̀sí tí kò ní iná, òun ni mo máa yàn. Ṣùgbọ́n oòrùn oṣù kejìlá ní Luton kúrú, ó sì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ilé aládùúgbò sì ṣíji bo ibi tí ọkọ̀ yìí wà.

Ṣé kí iná wà lórí títí, tàbí kí a máa tàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan? Ọwọ́ ṣájà ló wà. Ti Bàbá máa ń gun 14.4, tí bátìrì bá kún á rọra bọ́ sí nǹkan bíi 13.6, irú èyí lè wà lórí láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta. Ṣájà àtijọ́ tí kì í yí iye rẹ̀ padà kò ní ọgbọ́n yẹn. Ọ̀sán kan àti òru kan lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fún un, kí ẹ sì máa wo omi bátìrì tó bá jẹ́ èyí tó ń gba omi, nítorí ó ń gbẹ.

Ọ̀rọ̀ wáyà ni mo fi lé ẹni tó ní ìwé àṣẹ iná ilé lọ́wọ́, nítorí ó ju iṣẹ́ rìwáyà lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Bírítéènì, wáyà áàtì ilé so mọ́ nútírà tó ń bọ̀ láti ojú pópó. Tí nútírà yẹn bá gé ní ìta, gbogbo irin tó so mọ́ áàtì lè ní iná lára. Ẹni tó wà nínú ilé lè má mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ ẹni tó dúró lórí koríko tútù tó di ilẹ̀kùn mọ́tọ̀hómù mú yóò mọ̀ ọ́n, RCD kò sì ní gbà á là. Ìdí nìyẹn tí òfin iná ọdún 2002 fi kọ̀ kí wọ́n so irú áàtì bẹ́ẹ̀ mọ́ irin ara kárááfánì. Oníná náà gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù oní-ìdérí sára ògiri ìta, ó fún un ní RCD tirẹ̀, ó sì gbá ọ̀pá áàtì ọ̀tọ̀ mọ́ ilẹ̀ fún un. Àsopọ̀ inú ọ̀rá kúrò níbẹ̀. Gílóòbù kékeré pupa kan wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì náà báyìí, Ìyá sì ń rí i láti fèrèsé ilé ìdáná.

Nígbà tí òtútù tún ń bọ̀, wọ́n da omi nù ní ìparí oṣù kẹwàá, wọ́n gbé tìmùtìmù dúró kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi ilẹ̀kùn fíríìjì sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀, hítà kò sì wọ inú ọkọ̀ mọ́. Bàbá ń wọn bátìrì méjèèjì lọ́jọ́ Sunday tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Gílóòbù pupa kú lẹ́ẹ̀kan nínú oṣù kìn-ín-ní, Ìyá rí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ní oṣù kẹta, ẹ́ńjìnnì dún lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ti ń bi mí báyìí nípa bátìrì lítíọ́ọ̀mù fún yàrá. Mo sọ fún un pé kó má tíì rà á. Kò yẹ kí wọ́n ṣáàjì lítíọ́ọ̀mù nígbà tí ara rẹ̀ bá ti tutù ju òdo lọ, kò sì fẹ́ràn kí ó wà ní kíkún fún oṣù márùn-ún. Nǹkan bí ìdajì ló dára fún un tó bá ń sinmi. Ṣájà tó wà nínú ọkọ̀ yìí kò mọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ṣájà ni a máa kọ́kọ́ pààrọ̀.